Nígbà tí Èémí bá Bẹ̀rẹ̀ sí í Kúrú

Kò sí ẹni tí ó ń ka èémí ara rẹ̀. Owó ni ènìyàn ń kà, ọjọ́ ni ó ń kà, oṣù ni aboyún ń kà. Ṣùgbọ́n èémí tí ó ń wọlé tí ó sì ń jáde ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnikẹ́ni kò bìkítà láti kà á. Ó rí bí omi fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà létí odò: ìgbà tí odò bá gbẹ ni onílé tó ń mọ̀ pé omi ni òun ti ń mu láti ọjọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ èémí ṣeré. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó mí kanlẹ̀. Ẹni tí ó sáré dé ni ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tí ìpọ́njú ká mọ́ ni kò rí àyè mí. Èémí àti ẹ̀mí sì sún mọ́ ara wọn lẹ́nu débi pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀kan, etí ẹni tí ó ń gbọ́ kò ní ṣàìrántí èkejì.

Ibi tí ènìyàn kò ti bìkítà yìí gan-an ni àwọn àrùn kan ti ń bá a. Àwọn oníṣègùn kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, interstitial lung disease, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn lé ní 200. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni ibi tí wọ́n ń bà jẹ́. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín wà, tí wọ́n ṣírò pé wọ́n tó 300 mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ ara àwọn àpò wọ̀nyí fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, inú awọ fẹ́lẹ́ náà sì ni afẹ́fẹ́ rere ń gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn bá wọ àárín awọ yìí, ó lè kọ́kọ́ wú, ó sì lè jẹ́ pé àpá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀ bí àpá ṣe ń hù lójú egbò. Àpá kì í nà bí ara. Ẹ̀dọ̀fóró tí ó yẹ kí ó rọ̀ bí kànrìnkàn tí ó wà nínú omi yóò wá le bí kànrìnkàn tí àtè gbẹ sí lára. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níta, ẹni náà sì ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò lè ṣí gbà á mọ́.

Àmì tí ó kọ́kọ́ ń yọjú ni kí èémí máa kúrú nígbà tí ènìyàn bá ń lo agbára. Kì í dé pẹ̀lú ariwo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lórí òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, tàbí lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò di ti ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Nígbà tí ó bá yá, ìwẹ̀ wíwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ yóò di iṣẹ́ ńlá. Ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá yóò máa gba èémí lọ́wọ́ ẹni tí ó ń sọ ọ́. Ohun tí ó mú kí àmì yìí ṣòro láti mọ̀ ni pé ẹni tí ó ń ṣe a máa bá a rìn, a sì máa fi orúkọ mìíràn pè é.

“Baba Àdùkẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ dúró kí ẹ tó gun òkè yìí tán,” ni ìyàwó yóò wí.

“Ìyá Àdùkẹ́, ṣé ìwọ náà kò mọ̀ pé àgbà ti ń kàn mí ni?” ni ọkọ yóò fi dá a lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n fi ọdún márùn-ún jù yín lọ kò dúró o.”

Ọ̀rọ̀ obìnrin náà ni ó tọ̀nà. Òtítọ́ ni pé ọjọ́ orí a máa dín agbára kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í mú ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kí ó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀gbà bá ṣì ń rìn lọ sí ọjà tí ẹnìkan sì ń jókòó lójú ọ̀nà, ó yẹ kí wọ́n wádìí ohun tí ó mú un jókòó.

Ìwà ènìyàn ni kí ó má gbà pé agbára òun ti ń dín. Dípò kí ó sọ pé èémí òun kò tó mọ́, yóò máa dín ohun tí ó ń ṣe kù títí tí yóò fi bá èémí náà mu, bí ẹni tí aṣọ kò tó tí ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Oko tí ó jìnnà, yóò ní òun ti fi fún àwọn ọmọ. Ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó wà ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, yóò ní ọ̀rọ̀ wọn ti sú òun. Ijó tí ó máa ń bẹ́ sí ní òde ìnáwó, yóò ní kò yẹ àgbà. Bí wọ́n bá wá bi í léèrè pé ṣé èémí rẹ̀ ń kúrú, yóò ní rárá, kò sì purọ́, nítorí pé kò ṣe ohun tí ó lè mú un mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó ń tú àṣírí àrùn yìí ni èyí: kí ni ẹni náà ń ṣe ní èṣí tí kò ṣe mọ́ ní ọdún yìí, kí ni ó sì mú un jáwọ́?

Àwọn ará ilé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá mọ ohùn ẹnu Yorùbá mọ̀ pé èémí ni ó ń pín ìlà orin àti ewì. Oníjàálá tí ó máa ń fi èémí kan gbé odidi gbólóhùn gígùn kalẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já a ní àárín. Ìyá àgbà tí ó máa ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ láìdánudúró yóò máa sinmi lẹ́yìn orúkọ baba ńlá kọ̀ọ̀kan. Ohùn ládàánì yóò máa tán kí ìpè tó tán. Ẹni tí ó wà nítòsí tí ó ti mọ gígùn ohùn náà tẹ́lẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ó ti kúrú.

Àmì kejì ni ikọ́. Yorùbá mọ ikọ́ púpọ̀, wọ́n sì fún kálukú ní orúkọ: ikọ́ ife, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ikọ́ fée. Ikọ́ inú àrùn yìí gbẹ. Kì í sábà mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, kò sì gbọ́ ti oògùn ikọ́ olómi tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. Ó lè pé oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, kí ó má lọ. Níbi yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Ikọ́ ife wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá bí ibà alẹ́, òógùn òru tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò kò bá rí kòkòrò ikọ́ ife, tí ẹni náà sì lo oògùn rẹ̀ títí tí kò rí ìyàtọ̀, kò yẹ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn kan náà lákọ̀tun láìbéèrè ohun mìíràn. Ó sì tún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan kò lé èkejì lọ: eruku òkúta tí ó ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ a máa ṣí ìlẹ̀kùn fún ikọ́ ife láti wọlé, àwọn méjèèjì sì lè bá ara wọn gbé inú àyà kan.

Àmì kẹta wà ní ọwọ́, níbi tí ènìyàn kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lè dé. Nínú àwọn mìíràn tí àrùn yìí mú, orí ìka a máa wú bí orí kùmọ̀, èékánná a sì máa tẹ̀ kọdọrọ. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, àwọn ọmọlẹ́yìn Hippocrates, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú èékánná bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àyà. Ní 1976, Leo Schamroth, oníṣègùn ọkàn ní Gúúsù Áfíríkà, kọ nípa ọgbọ́n kan tí ó rí lára ìka ti ara rẹ̀ nígbà tí àìsàn ọkàn ń bá a jà. Bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn èékánná ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀yìn èékánná ìka kan náà ní ọwọ́ òsì, ihò kékeré kan máa ń yọ láàárín wọn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ihò náà bá ti dí, ó yẹ kí oníṣègùn rí ìka náà. Kì í ṣe àrùn tí à ń wí yìí nìkan ni ó ń fà á; àìsàn ọkàn àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè fà á, ó sì ń bẹ nínú ìran àwọn mìíràn láìsí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ìka tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó wá rí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ojú kékeré wò.

Àmì kẹrin kò hàn sí ojú, etí ni ó ń gbọ́ ọ. Ní Paris ní 1816, Laennec ká ìwé róbótó, ó gbé e lé àyà ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ó sì gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀ ketekete; bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tí àwọn dókítà ń fi kọ́ ọrùn lónìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ẹni tí àpá ti hù sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ó fa èémí sínú, ohun tí wọn yóò gbọ́ dà bí iyọ̀ tí ó bọ́ sínú iná tí ó ń ta pàràpàrà, tàbí bí ẹsẹ̀ tí ó ń tẹ ewé gbígbẹ. Ìró ẹ̀dọ̀fóró tí ń la ara rẹ̀ pẹ̀lú agídí ni. Kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye láti gbọ́ ọ. Sùúrù ni ó gbà, àti pé kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù aláìsàn kúrò, kí wọ́n sì dé ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn fún un.

Níbo ni àrùn náà ti ń wá? Ọ̀kan nínú àwọn orísun rẹ̀ tí ó pẹ́ jù tí ènìyàn ti mọ̀ ni eruku òkúta. Ní 1556, ìwé Agricola lórí iṣẹ́ ìwakùsà sọ pé ní àwọn òkè Carpathia, eruku kùsà pa àwọn ọkùnrin débi pé àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ti fẹ́ ọkọ méje. Ohun tí ó wà nínú òkúta tí ó ń ṣe iṣẹ́ ibi náà ni silica. Eruku tí ojú rí kọ́ ni ó léwu jù. Ìyẹn a máa há sí imú àti ọ̀fun, ikọ́ àti sísín a sì máa lé e jáde. Èyí tí ó kéré tóbẹ́ẹ̀ tí ojú kò rí i ni ó ń wọ inú àpò afẹ́fẹ́ lọ, tí kì í sì í jáde mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àmì rẹ̀ tó yọ. Ṣùgbọ́n níbi tí eruku bá ti pọ̀ rékọjá, oṣù díẹ̀ tó láti pa ènìyàn.

Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ ní West Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1930 àti 1931, nígbà tí wọ́n ń lu ihò la òkè já ní Hawk’s Nest kí omi odò lè gba inú rẹ̀ lọ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Òkúta ibẹ̀ kún fún silica. Ó ti di mímọ̀ nígbà náà pé bí wọ́n bá ń da omi sí ojú ibi tí wọ́n ń lu, eruku yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n ń lu ú, nítorí pé ó yára. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú ihò náà jẹ́ ènìyàn dúdú tí wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ wá láti Gúúsù. Bí wọ́n ti ń ṣubú, òtútù àyà ni wọ́n ń pe ikú wọn. Ní 1936, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1986, ìwé tí dókítà Martin Cherniack kọ ṣírò àwọn tí ó kú sí 764. Orúkọ tí kò tọ́ tí wọ́n fún àrùn náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ nígbà tí ènìyàn ń kú.

Ìtàn náà kò jìnnà sí ilé. Ní 1975, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń pè ní Thorax gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí ó ń gbẹ́ ọlọ ní ìhà Àríwá Nàìjíríà, tí eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ọlọ tí gbogbo ilé fi ń lọ ata, ẹlòmíràn ni ó fi èémí rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Lónìí, ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n òkúta kò sinmi. Ní àyíká Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wọ́n ń fọ́ òkúta fún ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ fọ́ ọ, àwọn mìíràn, tí obìnrin wà nínú wọn, ń fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Aṣọ tí wọ́n fi bo imú kò lè dá eruku tíntìntín náà dúró. Omi tí wọ́n bá wọ́n sí òkúta, ìbòmú tí wọ́n ṣe nítorí irú eruku bẹ́ẹ̀, àti jíjókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé eruku lọ sí ẹ̀yìn ni ó lè ṣe ìrànwọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ń wúkọ́ gbígbẹ, kò yẹ kí òun nìkan lọ fún àyẹ̀wò: ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Òkúta kọ́ ni orísun rẹ̀ nìkan. Koríko àti ọkà tí ó bu lè fà á nínú àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò gbà á. Ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé tàbí odídẹrẹ́ lè fà á nínú ẹni tí ó ń sìn wọ́n. Àwọn oògùn kan, bí amiodarone, nitrofurantoin, methotrexate àti bleomycin, lè fà á nínú ènìyàn díẹ̀ nínú àwọn tí ó ń lò wọ́n. Ó lè bá àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà rìn: làkúrègbé tí ó ń wú oríkèé, tàbí èyí tí ó ń mú awọ ara le tí ìka sì ń funfun nínú òtútù. Òmíràn sì wà tí wọn kò rí ìdí rẹ̀ rárá, tí ó sábà máa ń mú àwọn tí ó ti lé ní 60 ọdún, pàápàá àwọn ọkùnrin àti àwọn tí ó ti mu sìgá.

Nítorí èyí ni ìtàn ìgbésí ayé aláìsàn fi ṣe pàtàkì bí àyẹ̀wò. Ní 1700, Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ṣe ìwé kan lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì ní kí oníṣègùn fi ìbéèrè kan kún àwọn tí àtijọ́: iṣẹ́ wo ni aláìsàn ń ṣe? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni wọ́n fi ń kí i. “Àrẹ̀dú o” ni ti aláró, “Ojú gbooro o” ni ti onídìrí, “Àrókò bọ́dún dé o” ni ti àgbẹ̀. Ẹni tí ó kí aláró bí ẹni ń kí àgbẹ̀, wọn yóò ní kò mọ ìkíni. Bákan náà ni oníṣègùn tí ó gbọ́ ikọ́ afọ́kùúta tí kò sì mọ̀ pé òkúta ni ó ń fọ́. Kò tíì kí aláìsàn rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ó yẹ kí aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ ohun méjì. Èkíní, àwòrán àyà lásán lè mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà. Àwòrán CT ni ó ń fi àpá tíntìntín hàn. Èkejì, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé àlàáfíà ni nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Kí wọ́n jẹ́ kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 6 kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Wọn yóò tún ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Nínú ikọ́ fée, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ó há tí atẹ́gùn fi ń lọ́ra láti jáde. Nínú àrùn yìí, ọ̀nà kò há, afẹ́fẹ́ tí àyà lè gbà ni ó kéré. Bí ẹsẹ̀ bá wá ń wú tí ètè sì ń dúdú, àrùn náà ti bá ọkàn pẹ̀lú nìyẹn, ó sì ti pẹ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ́kan ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àpá tí ó ti hù sí ẹ̀dọ̀fóró kì í pa rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ ohun tí ó fà á, tí wọ́n sì tètè yàgò fún un, ó lè má tàn kálẹ̀ bí ì bá ti tàn. Èyí tí ó ṣì jẹ́ wíwú, oògùn lè mú un rọlẹ̀ nínú àwọn oríṣi kan. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn méjì, pirfenidone àti nintedanib, fún oríṣi tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀; wọn kò wo àpá sàn, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ni. Jíjáwọ́ nínú sìgá, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n àti afẹ́fẹ́ inú àgbá ní ipa tí wọ́n ń kó. Àrùn ló ṣeé wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí àrùn tí ó ṣeé wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà.

Èyí ni ó fà á tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi “àgbà ló dé” dí ẹnu ẹni tí ó ń sọ fún un pé ó dúró lórí òkè. Ilé tí wọ́n fi òkúta kọ́ yóò dúró pẹ́ lẹ́yìn àwọn tí ó kọ́ ọ. Kò yẹ kí afọ́kùúta fi èémí rẹ̀ sí abẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ikọ́ lásán ni ó pa á.